Ojú Mẹ́rin Lẹ́yìn Ìbọn Kan

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, bí èmi àti ọmọ ọmọ mi obìnrin ṣe jáde ní ìsìn ní Chadwell Heath, ní ìlú òyìnbó níbí, àwọn ọmọ kan yin fáyàwọ̀kì lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù High Road. Ó dún gbàù, èéfín rẹ̀ sì fẹ́ kọjá lórí títì wá bá wa. Aṣọ funfun ìsìn ṣì wà lọ́rùn mi, mo fi kóòtù bò ó, mo dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń fa èéfín náà símú bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ ilé ìyá rẹ̀. Ọmọ náà fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Gránmà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá." Mo ní kí wọ́n máa wò. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yin nǹkan wọ̀nyí níbí, àmọ́ afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn gbé e wá sí imú mi gan-an, òórùn ẹ̀tù ni mo sì gbọ́, ẹ̀tù inú ìbọn ṣakabùlà bàbá mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń dàgbà láàrin Barking sí Dagenham, ẹran tí ẹ mọ̀ ni èyí tí wọ́n gé, tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tó ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú fìríìjì. Ẹranko igbó tí ẹ mọ̀ kò ju kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń wá tú ìdọ̀tí wa ká, tó ń rìn láàrin títì ní ọ̀sán gangan bí ẹni pé òun ni baálẹ̀ àdúgbò. Bí bàbá mi bá rí irú ẹ̀ tó ń kọjá níwájú ilé, tí ẹnikẹ́ni ò dìde sí i, yóò rò pé gbogbo wa ló ń ṣàìsàn.

Ọdẹ ni bàbá mi, ní ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn, níbi tí koríko ti máa ń ga ju èèyàn lọ nígbà òjò, tó sì máa ń jó di eérú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìbọn rẹ̀ gùn jù mí lọ dáadáa. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: wọ́n á da ẹ̀tù sí i láti inú kèrègbè kékeré, wọ́n á ki àkísà bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọ̀pá irin gún un kó lè le, wọ́n á wá da ọta sí i, wọ́n á tún ki àkísà lé e. Nígbà tí ó bá fi parí, àgbẹ̀ tó bá yára ti kọ ebè kan tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu ṣakabùlà. Bó bá ti sọ ọ́, kó tó rí òmíràn sọ, ẹran ti délé bàbá rẹ̀. Bó bá sì ti dún, èéfín funfun a bo iwájú ọdẹ bí aṣọ tí wọ́n ta sójú ọ̀nà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ojú bàbá mi ti ń ṣú. Ohun tó kọ́kọ́ tú u fó fún mi ni pé ó ń ti oko bọ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí aṣọ tí aládùúgbò wa sá sórí okùn, ó sì kí i. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àlàbá." Aṣọ ò dáhùn. Ó wọlé, ó ní Ìyá Àlàbá ti di onígbèéraga láti ìgbà tó ti ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo wá wo ìyá mi, òun ò rẹ́rìn-ín rárá, ló tó yé mi pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ ìlú wa máa ń jọ ti iná bọ igbó, wọ́n á sì yí i ká, kálukú á dúró sí àyè rẹ̀, wọ́n á máa dúró de ohun tí iná bá lé jáde. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, nítorí èèyàn wà lẹ́yìn koríko ní òdìkejì. Lọ́dún yẹn, ọdẹ kan tó wọ gbẹ̀rì aláwọ̀ ilẹ̀ ń ti inú èéfín bọ̀, bàbá mi sì gbé ìbọn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbi tí wọ́n ti ń fà á. Ni ọkùnrin náà wúkọ́. Ikọ́ yẹn ló gbà á là. Bàbá mi rọra gbé ìbọn sílẹ̀, ó jókòó sórí eérú tó ṣì gbóná.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú, fi wá sílé wa. Bàbá àgbà kan ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tiro, ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré sì ni. Ó jẹ obì tí wọ́n fún un, ó ní ó dùn, ó béèrè iṣu, ó béèrè ewúrẹ́, kó tó wá sọ ohun tó gbé e wá. Ohun tó sọ ni pé tí òjò àkọ́rọ̀ bá fi rọ̀, tí ọ̀rẹ́ òun ò tíì pa ẹran kan tí wọ́n fi ojú rí kí wọ́n tó yìnbọn sí i, òun yóò gba ìbọn náà. Bàbá mi ní, "Ó dáa."

Ẹ má rò pé ẹran lásán ni wọ́n ń sọ o. A ní iṣu, a ní adìyẹ, ebi ò ní pa wá. Ṣùgbọ́n ìbọn yẹn ni orúkọ bàbá mi. Òun ni wọ́n fi ń kí i láàárọ̀, òun ni wọ́n fi ń fún un ní àyè jókòó níbi tí àgbà bá jókòó sí. Ẹni tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú wa, ọmọdé á kàn máa kí i "Ẹ kú ìjókòó" ni.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ní kí n máa bá òun lọ sígbó. Èmi, obìnrin. Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí. Ó ní, "Bàbá Ìyábọ̀, ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ yìí máa hu irùngbọ̀n ni?" Bàbá mi ní, "Ojú ni mo fẹ́ yá lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe àgbọ̀n." Ìyábọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi tó ti lọ sílé ọkọ, nítorí náà èmi ló kù tí ojú wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nínú igbó, ẹnu ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, nítorí náà ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí mo bá tẹ èjìká rẹ̀, kó dúró. Bí mo bá fà á létí ọ̀tún, kí ẹnu ìbọn lọ sí ọ̀tún díẹ̀. Bó bá jẹ́ etí òsì, òsì. Bí mo bá fọwọ́ kàn án lórí, kó yìn ín. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ní kí n fa òun létí, mo sá sẹ́yìn. Ta ló bí mi tí màá fa bàbá mi létí? Ó ní nínú igbó, mo lè fà á. Nílé, kí n dán an wò. A fi ẹ̀yìnkùlé kọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan, òun á jókòó sórí àpótí, èmi á wà lẹ́yìn rẹ̀, a ó máa fi ọ̀pá dọdẹ àgùntàn Ìyá Àlàbá. Ìyá mi ò wo apá ọ̀dọ̀ wa rárá.

Ìgbà tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú fún òjò la tó rí ohun tí a ń wá. A ti wà létí odò kí oòrùn tó yọ, níbi igi kan tó wó, bàbá mi gbé ìbọn lé ẹ̀ka rẹ̀. Ó da eérú díẹ̀ láti ọwọ́ kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé àgbọ̀n mi lé èjìká rẹ̀ kí ojú mi lè tọ ọ̀pá ìbọn lọ. Kòkòrò ń jẹ mí ní ìtan, mi ò mira. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, ẹyẹ sọ̀rọ̀ sú ara wọn.

Ló bá jáde. Àgbọ̀nrín ni, pupa rẹ̀ dàbí ilẹ̀ tó rẹ, ìlà funfun wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni fi ẹfun fà á, ìwo rẹ̀ lọ́ díẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó tún gbé òmíràn. Mo tẹ èjìká bàbá mi, mo sì gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe yí padà. Mo fa etí ọ̀tún. Ó pọ̀ jù. Mo fa etí òsì, díẹ̀ báyìí. Ó bi mí, ohùn rẹ̀ ò ju afẹ́fẹ́ lọ, "Ṣé abo ni?" Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé, "Akọ ni. Òun nìkan ni." Ó tún bi mí, "Ṣé kò sí èèyàn lẹ́yìn rẹ̀?" Mo wo òdìkejì odò dáadáa, mo wo abẹ́ igi, mo wo koríko. Mo ní kò sí. Mo wá fọwọ́ kàn án lórí.

Ìbọn dún. Èéfín bò wá mọ́lẹ̀, odò lọ, igi lọ, ẹran lọ. Mo ní, "Bàbá, mi ò rí nǹkan kan mọ́." Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Ó ní, "Káàbọ̀ sílé mi." Ó wá gbé ọwọ́ lé mi lẹ́nu, ó ń gbọ́. Ó ní, "Ó ti gba odò kọjá. Ó ti wọ ewé gbígbẹ. Ó ṣubú." Nígbà tí èéfín fẹ́ lọ tán, tí a gba odò kọjá, inú ewé gbígbẹ ni a ti bá a, ó ti kú.

Àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà nítòsí bá wa gbé e. Lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń kí bàbá mi, "Àrìnpa o," ó ń dáhùn, ọrùn rẹ̀ gùn sí i. Èmi ń tẹ̀lé e, mo sì ti pinnu irọ́ tí màá pa. Tí wọ́n bá béèrè ẹni tó rí ẹran náà, màá ní bàbá mi ni. Ó rọrùn. Àwa méjèèjì nìkan ló mọ̀.

Ní ìlú wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ fojú rí ẹran ni wọ́n ń fún ní igẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó pín ìyókù. Olúọdẹ tiro wá, ó tẹ́ ewé sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Àwọn ọdẹ tó kù ti pé yí wa ká. Ó ní, "Ta ló fojú rí i?" Mo la ẹnu. Ọwọ́ bàbá mi ti wà lórí mi kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ọwọ́ wúwo. Ó ní, "Ọmọ mi ló rí i. Èmi gbúròó rẹ̀ ni."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ní, "Àṣé obìnrin ló ń bá wa ṣọdẹ báyìí." Ẹlòmíràn ní, "Báwo ló ṣe sọ fún un tí ẹran ò gbọ́?" Bàbá mi bá sọ ọ̀rọ̀ etí fún wọn, ọ̀tún àti òsì, bó ṣe rí gan-an. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Olúọdẹ fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ mi ní ilé-ìwé ti ń pè mí ní Afàbàbálétí, orúkọ náà ò sì dùn mí rí.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, Olúọdẹ gé igẹ̀ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ méjèèjì. Ó wá kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ò bá parọ́. À bá gbà ọ́ gbọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ò bá pa ọ̀kan nínú wa." Ó ní ìbọn ṣì jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dúró síbi igbó tí a fi iná yí ká mọ́ láéláé, kò sì gbọdọ̀ ki ẹ̀tù sí i láìjẹ́ pé ọmọ yìí wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an lo bá mi sọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lo ẹ̀ẹ̀rùn mélòó kan pọ̀, èmi àti òun. Nígbà mìíràn a rí ẹran, nígbà mìíràn a máa jókòó létí odò, tí òun á máa sọ ìtàn fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo wọ mọ́tò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó wọlé, ó gbé ìbọn, ó sì rìn lọ fà á lé Olúọdẹ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò rán an, ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ìyá mi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ní, "Ojú ìbọn yìí ti lọ kàwé." Wọn ò sì kí i "Ẹ kú ìjókòó" rí títí ó fi kú.

Igbó yẹn ò sí mọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Oko káṣú ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, àgbọ̀nrín ti wọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ibi tó ṣẹ́kù, èèyàn ló ń bẹ̀rù níbẹ̀, kì í ṣe ẹranko. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ayé a máa lọ, èmi náà ti lọ jìnnà, ẹni tó ń gbé lẹ́bàá Beam Park ò lè máa sunkún odò Òkè-Ògùn lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn pátákó ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í wú lójú mi bí àkàrà tó bọ́ sómi, mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi lé ọmọbìnrin mi lọ́wọ́ nínú kíṣìnì. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló bá yín sọ̀rọ̀?" Mo ní kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, ojú mi ló ń ṣú, ó sì tó àkókò. Ó wò mí bí ẹni tó ti ń múra ìjà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò wá rí ẹni bá jà mọ́. Òun ló ń wa ọkọ̀ báyìí, ó ń rọra wà á jù fún mi, mo sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọrùn gígùn. Ohun tí a ó bá fi sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ó dára kí a nà án fún ẹlòmíràn nígbà tí ọwọ́ wa ṣì lágbára àtinà á.