Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ fún Láòsí

Òórùn tùràrí ló jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí Màmá Ìjẹ̀bú máa padà sílé. Òun ni ìyá tó bí ìyá mi, ó sì ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Becontree, àdúgbò wa ní ìlú òyìnbó, láti ìgbà tí wọ́n bí àbúrò mi. Kí ó tó gbàdúrà àárọ̀, yóò wọ sùtánà funfun rẹ̀, yóò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà yàrá, yóò sì tan tùràrí nínú àwo kékeré kan. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín lókè àjà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bàbá mi á gbé igi ìgbálẹ̀ jáde láti fi tẹ̀ ẹ́ pa. "Màmá, ẹ ti tún jí ọlọ́pàá àjà," ni ó máa ń wí. Màmá á dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ ó ké. Àmín ló ń ṣe."

N kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ nígbà náà. Bí mo bá ń jẹun, ẹsẹ̀ mi á máa jó lábẹ́ tábìlì. "Àṣàkẹ́, ṣé èèrà wà níbi tí o jókòó sí ni?" ni Màmá máa ń bi mí, á sì fi òwe rẹ̀ tì í pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àìfararọ mi pọ̀ sí i. Àpótí méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá ni mo ń gbé etí wọn sókè, láti mọ̀ bóyá wọ́n ti wúwo sí i.

Ọjọ́ kan náà tí Màmá máa lọ ni kíláàsì wa máa ṣe eré níwájú àwọn òbí. Eré náà dá lórí Láòsí, bàbá ará Ṣáínà àtijọ́ tí wọ́n ní ó dá ẹ̀sìn Ọ̀nà sílẹ̀. Ìtàn sọ pé pẹ̀lú irun funfun ni wọ́n bí i. Ó ń tọ́jú àwọn ìwé ní ààfin ọba títí ó fi rí i pé ìlú ti ń bàjẹ́, ó sì gun màlúù, ó kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Ní ẹnubodè tó kẹ́yìn, oníbodè bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀ kó tó lọ. Ó kọ ọ́, ó kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Èmi ni oníbodè. Olùkọ́ wa ní n kò lè dúró jẹ́ẹ́ tó láti jẹ́ màlúù.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún un. Ó ní, "Nígbà tí bàbá náà dé ọ̀dọ̀ rẹ, báwo lo ṣe kí i?"

Mo ní mo máa ń dúró ṣánṣán.

"Ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú ewú?"

"Màmá, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí."

"Òṣìṣẹ́ ìjọba kò ní orúnkún ni?"

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní bàbá náà wu òun, nítorí pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, òmùgọ̀ ni oníbodè. Ó gba ìwé, ó sì jẹ́ kí ẹni tó ni ọgbọ́n lọ. Mo gbà nínú ọkàn mi pé bí bodè bá wà ní títì, kò sí àgbàlagbà kankan tó máa lọ síbì kankan.

Nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, Màmá jókòó síwájú pẹ̀lú ìyá mi. Láòsí jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú, ó jókòó sórí ẹ̀yìn ọmọ méjì tí wọ́n ṣe màlúù lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì ní àárín bodè tí a fi páálí ṣe. Àwọn òbí Yorùbá tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó fún mi ní ìwé, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dìde. N kò dìde. Olùkọ́ ń juwọ́ sí mi láti ẹ̀gbẹ́. Láti abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó ṣe ìdí màlúù ní, "Kúrò lọ́nà jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú mi.

Màmá Ìjẹ̀bú dìde láàárín àwọn èrò. Kò pariwo. "Àṣàkẹ́, dìde. Jẹ́ kí bàbá rọ́nà kọjá. Ilé ló ń lọ."

Mo dìde, mo sì ṣí bodè. Ní ìrọ̀lẹ́, ní pápá ọkọ̀ òfurufú, mo tún kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn arìnrìn-àjò nìkan lè gbà kọjá. Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà mí dìde kí ó tó lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ nípa Láòsí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, pé ọ̀pọ̀ àgbà ni wọ́n pa pọ̀ di ẹyọ kan. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ tẹ́ńpìlì fún un, wọ́n sì ń sun tùràrí níwájú ère rẹ̀ títí dòní. Nínú àròkọ kan ní ilé ẹ̀kọ́, mo kọ ọ́ pé ṣíṣí tí bodè ṣí ló jẹ́ kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ di ti gbogbo ayé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ mìíràn, tí ẹ̀rọ àjà bá dákẹ́, ó máa ń wù mí kí àgbàlagbà náà ṣì wà nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kúrò nílé lọ sí yunifásítì. Ìyá mi jókòó sórí àpótí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè pa dé. Ó ti pa dé láti ìdájí.

"Ṣé o mú gààrí?"

"Mo mú u, Mọ́mì."

"Ata gígún ńkọ́?"

Ọmọ tó wà ní ẹnubodè páálí rò pé ẹni tó ń lọ kì í wo ẹ̀yìn. Mo ti wá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí n kì í lè jókòó, mo jókòó sílẹ̀ tì í, mo gbé orí lé orúnkún rẹ̀, títí bàbá mi fi fọn fèrè ọkọ̀ níta lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà náà ni mo na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Mọ́mì, ẹ dìde."