Aṣọ Dúdú Ojú Táǹkì

Oògùn àtọ̀gbẹ ni a ń ṣe ní ilé iṣẹ́ wa lẹ́yìn ìlú Iléṣà. Ìwúkàrà, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì wú, ló ń pèsè rẹ̀ nínú táǹkì ńlá kan. Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, iṣẹ́ bàjẹ́. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń bu díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, èsì a sì di ọjọ́ kejì. Nísinsìnyí, iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń tàn sínú táǹkì. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe padà wá ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó lójú ẹsẹ̀, tí ó sì ń fi ìlà kan hàn wá lójú rẹ̀: bí ṣúgà bá pọ̀, ìlà a lọ sókè.

Ọ̀dọ́bìnrin kan, ará Ẹ̀sà-Òkè, ló ń ṣọ́ ìlà náà. Ó fi aṣọ dúdú bo gíláàsì tí a fi ń wo inú táǹkì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìlà fò sókè, ó wálẹ̀, ó tún fò. Ọ̀gá wa ti Òṣogbo dé, ó ní oògùn inú táǹkì ti bàjẹ́ nìyẹn, kí a dà á nù. Táǹkì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi síkàáwọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà ni.

Bàbá kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n tún pè padà. Ó dìde.

“Èmi ni mo ń ṣí aṣọ,” ó ní. “Mo ń tan iná fóònù wò ó. Ta ló ń se ọbẹ̀ tí kì í ṣí ìdérí?”

Ọ̀gá ní, “Bàbá, ọbẹ̀ yín ti fẹ́ẹ̀ wọ gọ́tà.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò bínú. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún tàn án.”

Bàbá tàn án, ìlà fò. Ó pa á, ó fa aṣọ bò ó, ìlà sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá gbà kí a dúró de àyẹ̀wò. Mo bu díẹ̀ lọ, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èsì ní kò sí nǹkan tó ṣe oògùn náà.

Ọ̀gá fẹ́ bá Bàbá wí. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní òun kọ̀ fún wọn láti ṣí aṣọ náà, ṣùgbọ́n òun kò sọ ìdí rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé: ìmọ́lẹ̀ tó ń padà wá kò tó nǹkan, iná fóònù a máa bò ó mọ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà a sì rò pé ṣúgà ló pọ̀.

Bàbá ní, “Bí mo bá gbé etí lé e ńkọ́?”

Ọ̀dọ́bìnrin náà ní ìyẹn kò burú. Bàbá tẹ̀ba, ó gbé etí lé ara táǹkì.