Ẹni Tó Wọlé Pe Mosún Nínú Ìjì

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá pé kí n má sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Ìyá Mosún, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ òkú lemọ́lemọ́, ó ń ránṣẹ́ pè é ni o."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn, kí ìyá tiẹ̀ má sì rí olùrànlọ́wọ́. Mi ò mu nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mi ò tòògbé. Ọ̀sán ni. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, ibi tí ojú mi ò bá sì dé, màá sọ pé kò débẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe níhìn-ín ní Dallas. Bàbá tí mo tọ́jú kẹ́yìn, ará England ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí ẹbí rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Coppell, mú un wá sí ilé ara rẹ̀ ní Sachse, lẹ́bàá Dallas, kó má baà dá gbé.

Òṣèré ni Bàbá. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń ṣeré orí ìtàgé. Òun àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ á wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú kékeré kan dé òmíràn, eré tuntun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní òun di ọ̀kọ̀ mú lẹ́yìn ọba inú eré títí ẹsẹ̀ òun fi wú kí wọ́n tó fún òun ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Nígbà tó yá, ó bọ́ sínú fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n. Kò ṣe olórí òṣèré rí. Òun ni àlùfáà tó ń sin òkú, òun ni adájọ́, òun ni dókítà tó ń mi orí, òun ni ọlọ́pàá tó ń mú ìròyìn burúkú wá. Èyí tó ṣe jù lọ ni ọmọ ọ̀dọ̀ àgbà nílé àwọn ọlọ́lá, tó máa ń wọ kóòtù dúdú àti ìbọ̀wọ́ funfun, tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò.

Tí a bá jọ lọ sí ilé ìtajà, àwọn èèyàn á dá a dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo mọ ojú yín níbì kan."

Bàbá á tẹrí ba. "Bóyá èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún yín."

Ọmọ mi Mosún, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, máa ń wá bá mi níbẹ̀ tó bá ti ilé ìwé dé. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, èmi ò sì ní fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan láyé yìí. Òun àti Bàbá di ọ̀rẹ́. Bàbá kọ́ ọ bí òṣèré ṣe ń wọlé: kó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó wúkọ́ díẹ̀, kó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tọ́, kó wọlé, kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó jáde. "Má dúró wò ó bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ," ni Bàbá máa ń wí. "Àwọn olórí òṣèré ló ń ṣèyẹn." Mosún náà kọ́ Bàbá ní "Ẹ káàsán." Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, Bàbá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wúkọ́. "Ọmọge, ọkọ̀ yín ti dé o." Ọkọ̀ mi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ò ṣí mọ́ ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Bàbá kú nílé ìwòsàn, ó kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ bẹ̀ mí kí n lọ bá òun kó aṣọ rẹ̀ sínú páálí. Ọjọ́ Sátidé ni, lásìkò tí ìjì máa ń jà níhìn-ín. Mo mú Mosún dání.

Kí a tó wọlé, mo fún un ní òfin kan. Òfin ìyá mi ni. Mo ní, "Ilé ẹni tó ti ṣaláìsí nìyí. Tí o bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ, tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Má dìde. Ẹni tí o bá fojú rí nìkan ni kí o dá lóhùn."

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí, bí ìṣe rẹ̀, pé tó bá wá jẹ́ ohùn mi ńkọ́?

Mo ní, "Pàápàá jù lọ tó bá jẹ́ ohùn mi. Ohùn ìyá ẹni ni wọ́n fi ń pe èèyàn."

Ọmọ Bàbá ti jáde lọ. Mo fi Mosún sí yàrá òkè, lórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé ńlá, kó máa to àwọn fọ́tò Bàbá. Èmi sọ̀kalẹ̀ lọ kó páálí nínú gáràájì tó lẹ̀ mọ́ ilé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ojú ọ̀run yí padà. Ó dúdú, dúdú tó tún ní àwọ̀ ewé nínú. Fóònù mi ké. Fèrè ìkìlọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Bí mo ṣe yíjú báyìí, afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn tó wọnú ilé dé gbàgà. Ilẹ̀kùn yẹn máa ń ti ara rẹ̀ pa ni. Iná lọ. Ilẹ̀kùn ńlá tí ọkọ̀ ń gbà wọlé ò gbéra, mo fà á títí.

Mo pariwo. "Mosún! Sọ̀kalẹ̀! Kúrò lójú fèrèsé!"

Kò dáhùn.

Yàrá tó wà yẹn, orí gáràájì gan-an ni. Mò ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ṣe ń ha ilẹ̀. Ó ń gbọ́ mi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọmọ mi ń pa òfin mi mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì mọ ẹ̀rù tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Mosún, èmi ni! Mọ́mì ni! Èmi gan-an ni!" Bí mo ṣe ń sọ pé èmi ni, bẹ́ẹ̀ ni mò ń jọ ohun tí mo ní kó má dá lóhùn.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé. Mò ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn.

Mo wá gbọ́ ikọ́.

Ikọ́ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ la ọ̀fun kó tó wọlé. Òkè ni ó ti wá. Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ọkùnrin, ohùn tó rẹlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ti ará ibí: "Ọmọge, wọ́n ń dúró dè yín nísàlẹ̀."

Àga sún. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi: "Ẹ káàsán, sà."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ọmọdé nìkan. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn tí mo ń gbá ṣí níwájú mi. Afẹ́fẹ́ kì í ṣílẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ó rọra ṣí, ó ṣí tán, ó dúró, bí ìgbà tí èèyàn di ilẹ̀kùn mú fún àlejò. Mo rí nǹkan funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò lè búra pé ọwọ́ ni.

Mosún wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó jìnnà sí ilẹ̀kùn náà. Mo gbé e, a kó sínú yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo bi í wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Bàbá ni. Mo gbọ́ yín, Mọ́mì, ṣùgbọ́n mi ò rí yín. Bàbá wọlé, mo rí wọn."

"Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún mi?"

"Rárá, mà. Ṣebí Bàbá ló máa ń ṣílẹ̀kùn."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni gíláàsì fọ́ lókè.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, a gòkè lọ wò ó. Ẹ̀ka igi ti wọlé láti ojú fèrèsé. Abẹ́ rẹ̀ ni àga Mosún wà. Mo yẹ orí ọmọ mi wò, mo yẹ ìka rẹ̀ wò, ìka kan tẹ̀ lé ìka kan. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbà mí.

Nígbà tí ọmọ Bàbá wọlé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ títí, ó wá bi Mosún pé, "Ṣé ó dúró kí o pàtẹ́wọ́ fún un?"

Mosún ní, "Rárá, mà. Wọ́n jáde lọ."

Obìnrin náà nu ojú rẹ̀. "Bàbá mi ni."

Ara mi ti balẹ̀. Mò ń sùn, mò ń jẹun, Mosún ń lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ó dá ẹni tí kò sí láyé mọ́ lóhùn, ìyá mi sì máa ń sọ pé ẹni tó bá dáhùn ti jẹ́ ìpè. Bóyá ó parí síbẹ̀, mi ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń jẹun lọ́wọ́ nínú ilé wa, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan. Mi ò bi í mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún òfin tí ẹ bá fún ọmọ, pàápàá ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ẹ jọ̀wọ́, lónìí, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ bá ọmọ yín fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, kó lè dá yín lóhùn tí kò bá rí yín.