Ìdí Tí Ọkọ Mi Kò Fi Fẹ́ Ètò Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti da epo sínú ìkòkò báyìí, ohùn ọkọ mi á ti dé láti pálọ̀: “Mọ́mì, jọ̀ọ́, wá bá mi ṣí nǹkan yìí.” Nǹkan yìí ni kọ̀ǹpútà tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. A gbé e sí igun pálọ̀ wa ní Fate nílùú Ìlọrin, níbi tí àga àlejò tó dára jù wà tẹ́lẹ̀. Nítorí eruku ọyẹ́, mo lọ ra aṣọ funfun kan ní Ọjà-Ọba tí a fi ń bò ó, ẹ̀rọ náà á sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí ìyàwó tí wọn kò tíì ṣí lójú. A kì í jẹun nítòsí rẹ̀. Àwọn àlejò mìíràn tilẹ̀ máa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò rí bíi ti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá tan tiwa, ojú rẹ̀ á dúdú kirimu, lẹ́tà C kan á yọ lápá òsì, ìlà kékeré kan á sì máa ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àṣẹ ló ń dúró dè. Ẹ ní láti tẹ àṣẹ náà bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́ kó tó gbé ìwé yín síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kàn dá yín lóhùn pé òun kò mọ ohun tí ẹ ń wí. DOS ni wọ́n ń pe ètò tó ń darí ẹ̀rọ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n lò, torí pé akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì ti rán wa lọ kọ́ ọ. Ọkọ mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ló ń sọ pé àwọn àṣẹ náà kì í dúró sí òun lórí.

Ìtàn àdúgbò wọn ní Ọ̀mù-Àrán ló ń kọ sínú rẹ̀. Ìka méjì ló fi ń tẹ̀ ẹ́, á tẹ lẹ́tà kan, á sinmi, á wá òmíràn kiri bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Bí mo bá sì ti ṣí i fún un tán, tí mo fẹ́ padà sídìí ọbẹ̀ mi, á ní kí n má tíì lọ o, bí ojú rẹ̀ bá tún dúdú ńkọ́? Ni n óò bá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á bi mí bóyá mo rántí ìyá arúgbó kan báyìí tó wá síbi ìgbéyàwó wa. Á bi mí ohun tí ọ̀gá mi sọ lọ́fíìsì. Ọbẹ̀ á máa gbẹ lórí iná. Mo ní aṣọ ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ láti rán, mo ní orin láti kọ́, mo ní ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, àbíkẹ́yìn wa tí ǹ bá rán níṣẹ́ sì ti lọ sí yunifásítì. Ìrọ̀lẹ́ mi ni ẹ̀rọ yẹn ń jẹ, mo sì pinnu pé n óò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnjiníà kan nínú ìjọ wa, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lọ́nà Táíwò, ló fi ọ̀nà àbáyọ hàn mí. Ó ní ètò tuntun ti dé, Windows lorúkọ rẹ̀, wọn kì í kọ àṣẹ kankan níbẹ̀. Àwòrán ló kún ojú rẹ̀. Ẹ ó kàn fi máòsì lọ bá àwòrán ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ó ti ṣí nìyẹn. Ó ní alàgbà ìjọ wa kan, tó dàgbà ju ọkọ mi lọ, tí kò sì ríran dáadáa, ti ń fi ti ilé rẹ̀ kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ọmọ ọ̀dọ̀. Mo sáré lọ sílé lọ sọ fún ọkọ mi.

Ọkọ mi gbọ́ ọ tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo ní àkísà náà gan-an ni mò ń wí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti rí ìdí mìíràn. Ó ní àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń fi àwòrán kọ́ níwèé, òun kò sì lè lo ọjọ́ ogbó òun láti máa padà sí jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí ẹnjiníà ránṣẹ́ pé a ó ní láti fi kún ọpọlọ ẹ̀rọ náà kó tó lè gbé ètò tuntun, ó di ọ̀rọ̀ ńlá sọ́kàn rẹ̀. Ó bi mí bóyá wọ́n ń fi ọpọlọ kún àgbàlagbà lórí, kó má di pé ó gbàgbé èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, iná mànàmáná ló gbé wá: wọ́n á mú iná lọ nígbà tí ètò náà bá wọlé dé ìdajì, ẹ̀rọ á wá wà láàárín méjì, kò ní í jẹ́ ti àtijọ́, kò ní í jẹ́ tuntun. Ọkùnrin yìí kan náà ló ju rédíò wa tó ń sọ̀rọ̀ ketekete nù lọ́jọ́ tí òmíràn tó ní kásẹ́ẹ̀tì méjì dé ọjà.

Ó yà mí lẹ́nu, àmọ́ mo ti mọ ohun tó fà á lọ́kàn mi. Ẹni tó rí ẹni bá a ṣe é kì í fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkùnrin ni, ó rí ìyàwó tó ń dìde bó bá ti pè é, kí ló fẹ́ fi àwòrán ṣe? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Àlàájà tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa, ọmọ Ìlọrin gidi, tó ń ta aṣọ. Orí ògiri la ti máa ń kí ara wa láràárọ̀, ibẹ̀ náà ni mo dúró sí tí mo ka gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Mo rò pé á bá mi bínú sí ọkọ mi. Ńṣe ló rẹ́rìn-ín.

“Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń pè yín? Ẹ dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Ẹ̀rọ yẹn, sàbàbí lásán ni, àwáwí ni.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wọlé pẹ̀lú ìbínú mi. Mo ní obìnrin tí kò fojú kan kọ̀ǹpútà rí, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìyà tó ń jẹ mí?

Nígbà tó yá, mo fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ fún ọkọ mi pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀, n kò ní í ṣí ẹ̀rọ náà mọ́, kí ó yan ọ̀kan nínú Windows àti kí ó máa wo ojú dúdú. Ó ní kò burú, kí n pe ẹnjiníà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe àmín níbi ìsìnkú. Láti ọjọ́ náà ló ti dákẹ́. Kò pè mí ní ìrọ̀lẹ́ mọ́, á kàn jókòó sí bàrándà, á máa wo àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ọbẹ̀ mi kò gbẹ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ń ṣàkíyèsí pé mo máa ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nídìí iná, mo ń tẹ́tí, inú sì ń bí mi sí ara mi pé kí ni mò ń tẹ́tí sí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ni ẹnjiníà dé, tòun ti àpò rẹ̀. Mo ti gbé ìrẹsì kaná tìdùnnú-tìdùnnú láti fi ṣe é lálejò. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ká aṣọ funfun náà kúrò, ó wá bèèrè bóyá a ti kó àwọn iṣẹ́ wa jáde sínú díìsì, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, nítorí nígbà mìíràn, bí ètò tuntun bá ń wọlé, ohun tó wà nílẹ̀ lè pa rẹ́.

N kò kó ohunkóhun jáde. Gbogbo ìtàn Ọ̀mù-Àrán, gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí fi ìka méjì ṣà jọ, inú ẹ̀rọ náà nìkan ló wà. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnjiníà ní sùúrù, kí n wá díìsì lọ́dọ̀ àwọn ará ọ́fíìsì mi, nígbà tí ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti kó gbogbo rẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, ó gbé díìsì jáde ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó ti fi báírò pupa kọ àkọlé sára ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọ ọ́ sára ìwé èsì ìdánwò.

Mo rò pé ẹlòmíràn ló bá a ṣe é. Ẹnjiníà ki ọ̀kan bọ inú ẹ̀rọ láti wò ó bó bá dáa. Ó tẹ àṣẹ kan, ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan. Ó tún tẹ òmíràn. Ọkọ mi ń wò ó láti ẹ̀yìn, mo sì rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ilẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹni tó ti ṣe olùkọ́ rí kò lè dúró wo àṣìṣe kó dákẹ́. Ó ní, “Ibẹ̀ kọ́, kúrò níbẹ̀,” ó tẹ̀ba síwájú, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí bọ́tìnnì, ó sì tẹ àṣẹ gígùn kan tí èmi gan-an kò mọ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi tẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ wo bọ́tìnnì.

Ìtàn Ọ̀mù-Àrán yọ gbọnrangandan sójú ẹ̀rọ.

Ìgbà yẹn ló tó rántí pé mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ẹnjiníà gbójú sókè, ó ń wo àjà ilé wa bí ẹni pé àjà ni a pè é wá tún ṣe.

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀ ọ́n. Ó ní ó ti pẹ́, inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá lòun ti kọ́ ọ, nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Mo ronú kan gbogbo ọbẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ̀wà tó ti jóná, aṣọ ẹgbẹ́ tí n kò rán tán títí àwọn obìnrin fi ń yọ ṣùtì sí mi. Orí mi gbóná. Mo ní, “Dádì, kí ló wá dé tí ẹ fi ń pè mí?”

Ó wo ẹnjiníà, ó wo ilẹ̀. “O kì í jókòó,” ó ní. “Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti lọ sí yunifásítì, ìgbà tí mo bá pè ọ́ sídìí nǹkan yìí nìkan lo máa ń jókòó nínú ilé yìí. Tí mo bá ní mo ti mọ̀ ọ́n, kí ni n óò tún fi pè ọ́?”

Bí mo bá ní inú kò bí mi, irọ́ ni mo pa. Inú bí mi gidi. Ṣùgbọ́n ìbínú náà kò rí ibi dúró sí nínú mi, torí pé orí mi ti wú. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ń fi ìka méjì ṣa lẹ́tà lójoojúmọ́, ó ń ṣe bí òpè níwájú mi, òun tí kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan bá òun jiyàn rí, kí n má baà dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ẹnjiníà bèèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bóyá kí òun máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ sápò, ti àtijọ́ yìí ṣì dáa. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́tìnnì tí á fi pa ẹ̀rọ.

“Ẹ má pa á,” mo ní. Mo fa àga, mo jókòó. “Ẹ ka ibi tí ẹ kọ ọ́ dé fún mi.”

Ó tún gíláàsì rẹ̀ fi sójú, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Ó kà á bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, ó ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wò mí bóyá mo ń gbọ́. Mo ń gbọ́. Èmi àti ọkọ mi kò mọ̀ pé ìrẹsì ti ń jóná. Ẹnjiníà ló gbọ́ òórùn rẹ̀, òun ló sì lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.