Aginjù Tí Bàbá Mi Fẹ́ Wò

Èmi ni mo kọ́ ràkúnmí ní ẹmu mímu. Bí ẹ bá rí ràkúnmí kankan lókè Ọya lónìí tó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lójú ọ̀nà, ọmọ iṣẹ́ mi ni. Ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ni, tí mo ń tẹ̀lé lọ́rì tó ń kó obì láti Ọ̀wọ̀ lọ sọ́hùn-ún. Táyà wa bẹ́ láàárín aṣálẹ̀. Mo fún ràkúnmí kan ní agbè ẹmu, ó mu ún tán, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì fi ọrùn gbé lọ́rì náà dé ọjà.

Mo ti sọ ìtàn yìí níwájú ilé wa débi pé bí mo bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á ní, "Ràkúnmí ló ń bọ̀ yẹn." Ìtàn yìí náà ló kó mi sí wàhálà nígbà tí bàbá mi ní àwọn fẹ́ lọ wo aginjù.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mo ṣì ní bàbá. Èmi fúnra mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, àmọ́ bàbá àti ìyá mi ṣì wà, wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà nítorí ẹran inú ọbẹ̀. (Èdè Ọ̀wọ̀ la ń sọ nílé. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá ìwé kí ẹ̀yin ará òde lè gbọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ má bá mi wí lórí àmì.)

Ojú bàbá mi ni kò dáa mọ́. Dókítà ní ọ̀kan ti lọ, èkejì náà ti ń palẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí a ti ọsibítù dé, bàbá mi jókòó, wọn kò tíì ṣí fìlà, wọ́n ní:

"Kí èyí tó kù yìí tó lọ, mo fẹ́ fi wo aginjù. Ìwọ tí o mọ ọ̀nà, ìwọ ni kó o gbé èmi àti ìyá rẹ lọ."

Èmi tí mo mọ ọ̀nà! Mo wo ìyá mi. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọn kò gbójú sókè.

Àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, aginjù kan ṣoṣo la mọ̀, èyí tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rìn: iyanrìn, oòrùn, òùngbẹ. Bàbá mi sì ti ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa títí ojú fi kọ̀. Mo ní bóyá wọ́n fẹ́ fojú rí ohun tí wọ́n ti ń fẹnu kà ni.

Mo lọ bá awakọ̀ kan ládùúgbò wa, ará Àkókó.

"Bàbá, ẹ ní ibo?"

"Òkè Ọya pátápátá. Ibi tí ilẹ̀ ti di iyanrìn."

"Pẹ̀lú ojú ọ̀nà òde òní? Ẹ lọ gun ràkúnmí yín o. Èmi ní ọmọ nílé."

Mo délé, mo ní awakọ̀ ń tún ọkọ̀ ṣe. Àmọ́ ètò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣeé dá dúró.

"Ẹ gbé omi dání," bàbá mi wí. "Omi ibẹ̀ kò dáa lẹ́nu."

"Ẹranko ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ̀yin lẹ jọ ń mu ẹmu, o tún ń bi mí?"

Ìyá mi ní àwọn máa gbé odó àti ọmọ odó.

"Ìyá! Odó ní aginjù?"

"Èmi ò ní lọ síbi tí n kò ti ní gúnyán."

"Iyanrìn á wọ inú iyán."

"Kò burú. Orúkọ wọn kò kúkú jìnnà síra wọn."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Láràárọ̀, bàbá mi á na ọwọ́ sójú fèrèsé, wọ́n á wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Ìgbà wo là ń lọ?" Wọn kì í béèrè nǹkan míì.

Níkẹyìn, mo gbìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú ará Àkókó yẹn. A ó gbé wọn lọ sí etí odò Ọ̀sẹ̀, níbi tí àwọn oníyanrìn ti ń wa iyanrìn ìkọ́lé, màá sì ní a ti dé. Iyanrìn kúkú ni iyanrìn. Ojú tó kù yẹn kò lè mọ ìyàtọ̀. Awakọ̀ gbà. A mú ọjọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la, bàbá mi pè mí.

"Ṣé o ti pọ́n àdá?"

"Àdá kẹ̀? Kí la fẹ́ fi àdá ṣán nínú iyanrìn?"

"Iyanrìn wo?"

"Iyanrìn aginjù, Bàbá."

Wọ́n yí ojú tó ń ríran sí mi. "Ta ló dárúkọ iyanrìn? Aginjù ni mo ní. Aginjù ẹ̀yìn ìlú Arímọgìjà. Ibi tí mo kọ́ abà sí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá rẹ níyàwó. Ibẹ̀ la bí ọ sí, ibẹ̀ lo ti kọ́ ìrìn. Àbí o ti gbàgbé ọ̀nà?"

Ẹ gbọ́, lẹ́nu àwọn àgbà wa, aginjù ni igbó ńlá, igbó dídí tí igi rẹ̀ ga tó ń bo oòrùn lójú. Ṣọ́ọ̀ṣì ló da iyanrìn sí i. Mo kọjú sí ìyá mi. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa wọ́n.

"Ìyá, ẹ mọ̀!"

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ rí ibi tí ràkúnmí rẹ máa rìn dé ni."

"Bàbá, ẹ̀yin náà ò gba ìtàn ràkúnmí gbọ́?"

"Èmi? Ojú ló ń dùn mí, orí mi pé."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Inú awakọ̀ dùn pé kì í ṣe òkè Ọya. A kọjá Ifọ̀n, a ra iṣu ní Ute, a béèrè ọ̀nà ní Arímọgìjà, torí pé èmi tí mo mọ ọ̀nà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò. Kò sí aginjù. Àwọn agégi ti kó igi lọ. Iná ti jó èyí tó kù. Àwọn kan ti gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, wọ́n ti wú u, wọ́n ti lọ. Ilẹ̀ lásán ló kù, pẹ̀lú kùkùté àti oòrùn.

Bàbá mi di apá mi mú. "Kí lo rí?"

"Igi, Bàbá. Igi pọ̀ bí irun orí."

"Irọ́ ni. Oòrùn ń jó mi lágbárí. Nínú aginjù wa, lọ́sàn-án gangan, a máa ń tan àtùpà kí a tó rí ọbẹ̀ jẹ."

"Bàbá, wọ́n ti gé e."

Wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò títí ó fi kan kùkùté kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ó dáa. Aṣálẹ̀ tí o ń wá nìyí. Pe ràkúnmí rẹ kó wá gbé wa."

Ìrókò kan ṣoṣo ló kù lọ́nà ọ̀hún, tí àwọn agégi bẹ̀rù. A fa bàbá mi débẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa èèpo rẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní àwọn rí ewé. Abẹ́ rẹ̀ la ti gúnyán tí a sì jẹ ẹ́ yó.

Kí n dúró níbí. Ràkúnmí, irọ́ ni. N kò kọjá Lọ́kọ́jà rí láyé mi. Ìrókò yẹn náà, irọ́ ni. Kò sí igi kankan. Abẹ́ òjìji ọkọ̀ la jókòó sí jẹ iyán, eruku sì wọ inú rẹ̀. Bàbá mi bi ìyá mi pé ibo ni abà wà. Ìyá mi di ọwọ́ wọn mú, wọ́n nà án sí apá ibì kan, bàbá mi sì wo ibẹ̀ títí a fi kó odó sínú ọkọ̀. Èyí ṣẹlẹ̀. Ràkúnmí àti igi nìkan ni mo fi kún un.