Ìkúnlẹ̀ Ràmọ́tà nínú Fídíò Kóòṣì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lásìkò kòrónà nítorí ẹsẹ̀ ọmọ mi. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn ni o. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ni mò ń sọ, ẹsẹ̀ eléré ìje.

Warri ni mò ń gbé, ní Igbudu. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n aṣọ òkìríkà àwọn ọmọdé ni mò ń tà níbí láti ìgbà tí mo ti tẹ̀lé ọkọ mi wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Ẹ sì mọ ọmọ mi Ràmọ́tà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó jẹ́ pé tí mo bá sọ Yorùbá sí i, Pidgin ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ti bínú sí i títí, ó ti sú mi. Ohun kan tí mi ò gbà fún un ni kó rí àgbà kó má kí i. Fi èdè tó bá wù ọ́ kí wọn, àmọ́ orúnkún rẹ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀.

Ràmọ́tà mọ eré sá. Ọkùnrin Urhobo kan wà ládùúgbò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá, Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló rí i níbi eré ilé ìwé, tó ní kó máa wá sí pápá lẹ́yìn ìwé. Ó sọ fún èmi àti bàbá rẹ̀ pé òun máa mú ọmọbìnrin méjì lọ síbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀, àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ilé ìwé ńlá lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré ọmọdé?

Ibẹ̀ la wà tí kòrónà fi dé. Wọ́n ti ilé ìwé, wọ́n ti pápá, wọ́n ti ọjà tèmi náà. Kónílé-ó-gbélé! Èmi ń sunkún ọjà, ọmọ mi ń sunkún ọjọ́ orí. Ó ní, "Mama, if dis thing reach next year, I don pass age o."

Èmi ò tiẹ̀ rò ó débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjà tí wọ́n tì, wọ́n á padà ṣí i lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ orí ọmọ ńkọ́? Ta ló fẹ́ bá a tì í pa títí àìsàn á fi lọ?

Kóòṣì ò káwọ́ gbera o. Ó kó gbogbo wọn sí gúrúùpù kan lórí fóònù, ó ní kí kálukú máa sáré nílé, kí wọ́n máa ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wúwo, kó má wulẹ̀ wá sí ìdánwò tí wọ́n bá ṣí pápá. Ó tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má wá ṣe oge fún òun: "I no wan see face. Na leg I wan see."

Ibo la ti fẹ́ rí àyè eré ní Igbudu? Ilé wa, yàrá kọjú sí yàrá ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló wà láàárín, ó lọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí ilé ìwẹ̀ àti ṣáláńgá wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí náà la sọ di pápá. Màá gbé fóònù mi sílẹ̀, màá fi ti kẹ́ẹ̀gì omi, ẹsẹ̀ Ràmọ́tà nìkan ló sì máa ń hàn nínú rẹ̀. Á sáré lọ, á sáré bọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni Bàbá Ìlàjẹ. Àgbàlagbà ni wọ́n, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi darúgbó, yàrá wọn ló sì sún mọ́ ibi tí à ń gbé fóònù sí. Ẹ forí jì mí, ìtọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń jáde. Tí wọ́n bá jáde tí wọ́n rí ọmọ tó ń sáré bọ̀, wọ́n á dúró lẹ́yìn fóònù kó kọ́kọ́ kọjá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ràmọ́tà sáré kọjá lára wọn bí ẹni pé igi ni wọ́n rì mọ́bẹ̀. Mo ní kó padà.

"Mama, I dey train."

"Mo rí i. Kí bàbá."

"Coach dey look time o."

Mo ní kí Kóòṣì máa wo aago rẹ̀, èmi ń wo orúnkún tìrẹ. Bàbá Ìlàjẹ fúnra wọn ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé àwọn ti gbà á bó ṣe wà lọ́kàn. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí Ràmọ́tà rí i pé mi ò ní gbà, ó wá ọgbọ́n dá sí i. Bó bá ti ń sáré bọ̀ tó rí Bàbá, á já lulẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, á ní "Ẹ káàárọ̀ sà," á fò dìde láìfọwọ́ tilẹ̀, á sì máa sáré lọ. Èmi ní temi, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé ó kúnlẹ̀ àbí kò kúnlẹ̀?

Nígbà tó di àsìkò láti fi fídíò ránṣẹ́, a yà á, Bàbá sì jáde, wọ́n tún jáde. Ìkúnlẹ̀ kún inú rẹ̀. Ẹ̀rù iná tó fẹ́ tán nínú fóònù ò jẹ́ ká lè tún un yà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í ránṣẹ́. Ràmọ́tà wọlé lọ, kò jẹun. Ó ní Kóòṣì máa rò pé ẹsẹ̀ òun ti kú, pé òun ń ṣubú lójú eré, pé èmi ni mo ba ayé òun jẹ́.

Mo dá a lóhùn gan-an. Mo ní ọmọ tó ń kí àgbà kì í pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àyà mi ti já. Nígbà tí mo kírun tán, mi ò dìde lórí ẹní. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ilé tí mo kọ́ ọmọ mi di ohun tó máa dí i lọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì, Kóòṣì fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Ràmọ́tà dijú, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Àṣé inú ọkùnrin náà dùn! Ó ní kí gbogbo wọn wá wo ọmọ tó ní làákàyè. Ó ní ọmọ yìí ń já lulẹ̀, ó ń fi agbára itan nìkan dìde, ó sì tún ń sáré lọ, pé irú agbára bẹ́ẹ̀ gan-an lèèyàn fi ń gbéra nígbà tí wọ́n bá fun fèrè. "From today, everybody go do am. Down, up, go!"

Ẹ rántí pé ẹsẹ̀ nìkan ló rí. Bàbá wà lẹ́yìn fóònù, ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ti bo ìkíni mọ́lẹ̀. Èmi àti ọmọ mi wo ojú ara wa. A rẹ́rìn-ín débi pé Bàbá Ìlàjẹ yọjú láti wo ohun tó dé, Ràmọ́tà sì tún kúnlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ Urhobo, ọmọ Ijaw, ọmọ Itsekiri, gbogbo wọn ló ń kúnlẹ̀ nínú fídíò láìsí ẹni tí wọ́n ń kí. Ìyá kan ní Orhuwhorun tiẹ̀ wá fẹjọ́ sùn nínú gúrúùpù pé orúnkún ọmọ òun ti bó.

Ìgbà tó yá, Kóòṣì ní kí Ràmọ́tà sọ fún àwọn tó kù ibi tó ti kọ́ eré ìdárayá yìí. Ọmọ mi fẹ́ sọ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Mo ní rárá o, a ò ní fi irọ́ gbé e lárugẹ. Mo gba fóònù, mo fi Pidgin mi tó mẹ́hẹ yẹn pe Kóòṣì: "Coach, abeg, no be exercise. Na one baba she dey greet."

Mo rò pé ó máa bínú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Mama Ramo, so my whole team don dey greet una neighbour?" Ó ní àwọn Urhobo náà máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà, báwo lòun ò ṣe mọ̀ ọ́n? Ó ní kí wọ́n máa ṣe é lọ, ó dára fún itan. Lẹ́yìn náà ló wá dẹ́kun ẹ̀rín. Ó ní kí n kìlọ̀ fún Ràmọ́tà dáadáa, kó má jẹ́ kó mọ́ ọn lára, torí ẹni tó bá dúró lójú eré lọ́jọ́ ìdánwò ti já nìyẹn.

Wọ́n ṣí pápá, ọjọ́ ìdánwò pé. Gbogbo wa fi ìbòmú bo ẹnu. Bàbá Ìlàjẹ ní àwọn náà máa lọ, pé ṣé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn kọ́ ni wọ́n ti kọ́ eré ọ̀hún? A débẹ̀, pápá dá páropáro. Àwọn ọmọ tó wá ò tó nǹkan. Ẹjiro, ọmọ tó máa ń fi Ràmọ́tà sílẹ̀ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ti ń bá àǹtí rẹ̀ tajà ní etí omi Ogbe-Ijoh. Àwọn míì ti dàgbà jù. Kóòṣì kàn dúró, ó ń wo ọ̀nà. Àìsàn ò mú ìkankan nínú wọn o, àkókò ló kó wọn lọ. Ó dùn mí.

Wọ́n fun fèrè. Ràmọ́tà gbéra bí ọta! Àfi bí Bàbá Ìlàjẹ ṣe dìde. Ayọ̀ ti gbé wọn, wọ́n ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ síbi òpin eré, kí wọ́n lè rí i dáadáa. Wọ́n dúró gan-an níbi tí ojú ọmọ á ti bá tiwọn pàdé. Mo rí i tí ojú Ràmọ́tà kàn wọ́n. Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ fẹ́ rọ̀.

Kí lẹ rò pé mo ṣe? Èmi yìí náà, èmi ni mo figbe ta láàárín èrò: "Má kí wọn! Sáré!"

Bàbá gbọ́. Bí wọ́n ṣe gbọ́, kíá ni wọ́n yí padà, wọ́n kẹ̀yìn sí eré tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Ràmọ́tà sáré kọjá. Ipò kejì ló ṣe, orúkọ rẹ̀ sì wọlé sínú àwọn méjì tí Kóòṣì máa mú lọ.

Bàbá ò rí i nígbà tó kọjá ilà. Ẹ̀yìn wọn ni gbogbo wa ń wò, wọ́n di ọ̀pá wọn mú, wọ́n ń bi ẹni tó bá sún mọ́ wọn pé, "Ó ti kọjá? Ó ti kọjá?"

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Mi ò tíì yí ọkàn padà lórí ìkúnlẹ̀ o, ẹ má wulẹ̀ dán mi wò. Àmọ́ ọjọ́ orí ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé àgbà ló yẹ kó kẹ̀yìn, kí ọmọ lè ráyè kọjá. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni kòrónà fi eré àwọn ọmọ tiyín ṣe? Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á. Tí ẹ bá sì mọ ọmọ kan bí Ẹjiro tí ò padà sí pápá mọ́, ẹ bá mi bi í léèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń yún un.