Omi Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Di Àwọ̀ Ewé

Ó ti lé lógún ọdún tí obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kí ọ̀rọ̀ omi tó dójú ẹ̀. Omi tó fi ń fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ló ń ṣàn lọ sódò ìsàlẹ̀, ẹja sì ń kú níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó fún un lóṣù mẹ́fà: kó wá nǹkan ṣe sí i, tàbí kó kó ẹlẹ́dẹ̀ kúrò.

Àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ púlọ́ńbà, ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tà wọ́n, kẹ́ ẹ sinmi."

"Kí n sinmi, kí n wá máa jẹ kí ni?"

Ó lọ bá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ fún un ní omi aláwọ̀ ewé nínú ìgò. "Ewé tíntìntín ló wà nínú ẹ̀, ojú lásán ò lè rí i lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìdọ̀tí ẹlẹ́dẹ̀ loúnjẹ wọn. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, omi á mọ́. Ẹ wá sẹ́ wọn, kẹ́ ẹ sá wọn gbẹ. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ẹja á rà á."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bá a gbẹ́ kòtò méjì tí ò jìn ju orúnkún lọ, ó tẹ́ ọ̀rá sí wọn.

Wọ́n da omi ẹlẹ́dẹ̀ sínú kòtò bó ṣe wà, wọ́n sì da omi aláwọ̀ ewé náà lé e. Gbogbo ewé náà kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Olùkọ́ wá wò ó. "Omi yìí ti dúdú jù, Ìyá. Ibo loòrùn fẹ́ gbà wọlé?"

Wọ́n fi omi mímọ́ là á, wọ́n sì da ìgò mìíràn tí olùkọ́ fún wọn sí i. Ewé náà hù dáadáa, àfi bí kòkòrò omi ṣe ya wọ̀ ọ́, tí wọ́n jẹ ẹ́ kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó báyìí."

"Kò tíì tó. Ẹni tí òjò ti pa, ìrì ò lè dẹ́rù bà á mọ́."

Ó fi nẹ́ẹ̀tì bo kòtò, ó tún gba irúgbìn ewé náà lọ́wọ́ olùkọ́. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, ó ń fi igi rò ó kó má bàa silẹ̀, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Àbúrò rẹ̀ rí ọwọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ẹ̀rọ omi ògbólógbòó kan dé, ó so ó mọ́ kòtò kó máa yí omi.

Lóṣù karùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó padà wá, wọ́n bu omi tó ń jáde láti kòtò lọ sódò yẹ̀ wò. Wọ́n ní ó dára, kó máa sin ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn oníṣòwò oúnjẹ ẹja ò gba àpò ewé gbígbẹ àkọ́kọ́ ní tiwọn, torí ilẹ̀ ló sá a sí, yanrìn sì wà nínú ẹ̀. Kò bá wọn jà. Ó kan pákó, ó ta aṣọ sí i, ó ń sá ewé lórí ẹ̀. Wọ́n gba ìkejì, wọ́n sì bi í bóyá ó lè ṣe ìlọ́po mẹ́ta.

"Ẹ fún mi lóṣù kan," ló wí. Ọjọ́ kejì ló ti ń wọn ilẹ̀ kòtò kẹta.